Ìrora tó ti pẹ́ lára: oògùn wo ló bá a mu?

Ìbéèrè: Ó ti lé lóṣù mẹ́fà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń jó mi bí iná, bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo ní àtọ̀gbẹ. Paracetamol kò ràn án. Ṣé kí n fi kún un ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Hóró mẹ́jọ oní 500 mg ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń jìyà èyí tó bá lé. Ẹ tún yẹ páálí oògùn òtútù yín wò, paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ìrora tó ń jó, tó ń gún, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára (nerve) ló sábà máa ń ti wá, àtọ̀gbẹ sì máa ń ba irú iṣan bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní ẹsẹ̀. Amitriptyline, duloxetine, gabapentin tàbí pregabalin ni dókítà máa ń kọ fún irú rẹ̀. Bí ẹ bá kà á lára páálí pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, tàbí ti wárápá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó ní orí yín dàrú. Amitriptyline sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 10 mg lálẹ́. Ẹnu lè máa gbẹ, kí oorun sì máa kun yín. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má torí pé ẹ ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ kẹta kẹ́ ẹ pa á tì.

Ìbéèrè: Orúnkún ló ń dùn mí ní tèmi. Ibuprofen ń ràn mí, àmọ́ inú ń ta mí.

Ìdáhùn: Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ rí dókítà. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má fi diclofenac rọ́pò o, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, kí wọ́n ba kíndìnrín jẹ́, kí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Ẹ bi dókítà bóyá èyí tí wọ́n ń fi pa orúnkún lè bá yín mu. Díẹ̀ lára rẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè: Tramadol ńkọ́? Wọ́n ní ó le ju gbogbo wọn lọ.

Ìdáhùn: Líle kọ́ là ń wá. Tó bá pẹ́ lára, agbára rẹ̀ á máa dín kù, ó sì lè di bárakú. Ó lè fa gìrì, pàápàá tí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ amitriptyline tàbí duloxetine. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé já a. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á máa bá a dín in kù.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sílẹ̀: àtẹ̀gùn mélòó lẹ gùn, wákàtí mélòó lẹ fi sùn. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú tọ dókítà lọ.