Bátìrì tuntun, síbẹ̀ mọ́tò kò ṣíná láàárọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mọ́tò mi ti pẹ́ láyé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì tuntun sí i, síbẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, kì í ṣíná. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Fi mítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, wọn bátìrì náà láàárọ̀ kó o tó ṣíná. 12.6 volt, ó kún nìyẹn. Bó bá já sí 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣíná, kó o tún un wọ̀n: ó yẹ kó gòkè sí nǹkan bíi 13.8 sí 14.5. Tí kò bá gòkè rárá, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ni kò ṣáàjì, ẹ̀bi bátìrì kọ́. Àmọ́ wo bẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn okùn rọ́bà tó ń yí i, ná kó o tó náwó. Bẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀ máa ń yọ̀, á máa han gooro.

Ìbéèrè: Mo wọ̀n ọ́n, 14.2 ni. Ó sì tún kú mọ́jú.

Ìdáhùn: A jẹ́ pé nǹkan kan ń mu iná lóru. Pa gbogbo nǹkan, yọ kọ́kọ́rọ́, ti ilẹ̀kùn. Tú wáyà négétíìfù, kó o fi mítà, tó o ti yí sí ampere, sáàárín wáyà náà àti orí bátìrì. Má ṣíná o, fíúsì inú mítà á jó. Ní sùúrù bí ìdajì wákàtí, torí kọ̀ǹpútà inú àwọn mọ́tò mìíràn kì í tètè sùn. Tó bá ju 50 milliampere lọ, ó ti pọ̀. Wá máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó o yọ tí nọ́ńbà já wálẹ̀, ibẹ̀ lolè wà. Rédíò àti àláàmù tí wọ́n fi kún mọ́tò lẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, àti iná búùtù tí kì í kú. Bí kò bá sí fíúsì kankan tó yí i padà, tú wáyà ọ́tánétọ̀: dáyóòdù inú ẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná bátìrì padà wọ inú ẹ̀, lè ti jó.

Ìbéèrè: Tèmi kàn ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Iná iwájú sì mọ́lẹ̀ rekete.

Ìdáhùn: Wo orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé ló máa ń wà níbẹ̀. Tú négétíìfù ṣáájú, kó o fi omi gbígbóná àti báákìn sódà fọ̀ ọ́, fi bọ́rọ́ọ̀ṣì wáyà ha á. Négétíìfù náà lo máa dè kẹ́yìn. Wáyà tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ìpẹtà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ nọ́ọ̀tì ẹ̀, ọ̀pọ̀ rewáyà kì í sì í wò ó.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí n fi dán ọ́tánétọ̀ wò.

Ìdáhùn: Rárá o! Iná á fò sókè lójijì, ó sì lè jó bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò. Mítà ni kó o lò.