Bí mo ṣe ń wọn àrà tuntun ní ilé-iṣẹ́

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ohun tí mo máa ń bi àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni pé, "Ṣé ẹ máa ń dá àrà tuntun?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn ń dá mi lóhùn. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn wọ̀n?

Ní báyìí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ń béèrè: "Láàárín ọdún 3 tó kọjá, kí lẹ gbé jáde tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀?" Ìlànà Oslo Manual, ìwé ìtọ́sọ́nà àgbáyé lórí bí a ṣe ń wọn àrà tuntun, tí OECD (àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè) àti Eurostat (ọ́fíìsì ìṣirò àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù) tún ṣe ní 2018, ni mo ń tẹ̀ lé. Ọjà tàbí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe sí ti àtẹ̀yìnwá ilé-iṣẹ́ yẹn, kó sì ti jáde fún oníbàárà, tàbí kí wọ́n ti máa lò ó. Èrò tó ṣì wà lórí ìwé kò tíì wọ ìṣirò.

Ẹ má sì kánjú. Ọ̀gá kan sọ fún mi pé àwọn kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó fi bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ hàn mí. Ó ṣí fóònù: oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwọ̀n tábìlì tó fẹ́ síbẹ̀, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé pákó lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 2 ṣáájú, ẹni mẹ́ta ló ń dà á kọ láti ìwé kan sí òmíràn. Àrà tuntun pọ́nńbélé! Torí pé kò ti yàrá ìwádìí jáde ni kò ṣe kà á sí.

Ìdí nìyí tí n kì í fi owó ìwádìí tàbí iye páténtì (ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é láìgba àṣẹ) nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Owó ìwádìí ń sọ ohun tí wọ́n ná ni. Ọ̀pọ̀ sì ń fi ọgbọ́n wọn pamọ́, torí ẹni tó bá gba páténtì gbọ́dọ̀ tú àṣírí ìhùmọ̀ náà sí gbangba.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: nínú owó ọjà tó wọlé lọ́dún tó kọjá, ìdá mélòó ló ti ara ọjà tuntun wá? Ká ní 18 ni nínú 100. Ẹ tún pín in: 13 jẹ́ tuntun sí ilé-iṣẹ́ náà nìkan, 5 jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tà rí ní ọjà wọn. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn ni tàbí wọ́n ń ṣíwájú. Ní ti ọ̀nà ìṣiṣẹ́, ẹ béèrè wákàtí àti owó tó dín kù.

Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè èyí tí wọ́n dáwọ́ lé tí wọ́n sì pa tì. Ìlà tirẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tó jáde.