Bí A Ṣe Ń Kíni, Pàṣẹ Oúnjẹ, Tí A Sì Ń Nájà ní Màléṣíà

Ní Kuala Lumpur, ẹnì kan lè sọ èdè mẹ́ta kó tó mu ife tíì kan tán. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Malay ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú: òun ni èdè ìjọba, tọmọ Ṣáínà tọmọ Támílì, tí ìran wọn ti Íńdíà wá, ló sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Lẹ́tà "c" rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́: bí "ch" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ fi ìkíni bẹ̀rẹ̀. "Selamat pagi" ni ẹ káàárọ̀, ẹni tó bá bi yín pé "Apa khabar?" (ṣé dáadáa ni?), ẹ dá a lóhùn pé "Khabar baik" (dáadáa ni). Ẹ pe àgbà ọkùnrin ní "pak cik", àgbà obìnrin ní "mak cik". "Abang" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "kakak" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, ẹ ò báà má tan. "Kau" ni "ìwọ", ẹ má fi pe àgbàlagbà. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi júwe nǹkan, torí fífi ìka kejì nà án jẹ́ àrífín.

Ó kan ilé oúnjẹ mamak, ti àwọn Mùsùlùmí Támílì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ti ń là. Bí ẹ bá ní "teh" lásán, tíì oní-mílíìkì tó dùn rinrin ni wọn yóò gbé wá. "Teh o" kò ní mílíìkì; "teh o kosong" kò ní mílíìkì, kò ní ṣúgà; "ais" ni ti oníyìnyín. Èmi fẹ́ràn "teh o ais kurang manis", tí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n. "Tak nak pedas" ni ẹ má fi ata sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ọmọ Yorùbá tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ óò bá gbé e lọ sílé, ẹ ní "bungkus". "Tapau" táwọn Ṣáínà ń lò náà yé gbogbo wọn. Ẹ ní "kira" tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó.

Lọ́jà, "Berapa?" ni èló, "Boleh kurang?" ni ṣé ó ṣeé dín kù. "Boleh" lásán túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe. "Tak boleh", kò gbà. Ọjà Petaling Street ní Kuala Lumpur ni ẹ ti lè nájà dáadáa, kì í ṣe nídìí oúnjẹ.

Ìdúpẹ́ gbogbogbòò ni "terima kasih". Ní ìpínlẹ̀ Penang, ẹ lè fi "kam sia" dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn Ṣáínà tó ń sọ èdè Hokkien; "nandri" ni ti Támílì. Àmọ́ ẹ má wo ojú èèyàn mọ èdè rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ sọ Malay, kí ẹ gbọ́ èyí tí òun àti ará ilé rẹ̀ ń sọ.