Ẹ̀dọ̀fóró adìyẹ kì í ṣe ti èèyàn o! Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó ń kó yín lówó lọ

Ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi lónìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Ó ti sú mi kí n máa rí ẹni tó ń ra òògùn lé òògùn fún adìyẹ tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń wá.

1. Ẹ má gbá ẹyẹ láyà mú gírígírí. Kò ní iṣan tó ń fa èémí lábẹ́ àyà bíi tiwa, egungun àyà ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ẹ ò fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ o, á sì kú sí yín lọ́wọ́, ẹ ó wá ní ayé ló ṣe é.

2. Ẹ má da òògùn olómi sí i lẹ́nu gbuuru. Ẹ̀yìn ahọ́n lójú ihò èémí wà, kò sì ní ìdérí.

3. Ìtẹ́lẹ̀ tó ti bu, ẹ kó o dànù. Èébu yẹn á lọ hù sínú àwọn àpò afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ ò tó nǹkan, òògùn wo ló fẹ́ bá a níbẹ̀?

4. Omi inú bíróílà, ìyẹn omi tó ń kún ikùn adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Ìjà mi gan-an rèé.

Ẹ̀dọ̀fóró tiwa máa ń fẹ̀ bíi bálúùnù. Ti adìyẹ ò kì í fẹ̀. Ó kéré, ó há mọ́ ẹ̀yìn sáàárín egungun ìhà débi pé tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ máa rí ojú àpá egungun lára ẹ̀. Àwọn àpò afẹ́fẹ́, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ló ń fẹ̀ tó ń sún kì, àwọn ló ń ti afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ojú kan náà ló sì ń kọ púpọ̀ nínú ẹ̀, bó ń mí sínú ni o, bó ń mí síta ni o. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé, ó di kí ẹyẹ mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde tán. Iṣẹ́ ńlá ni, ó dáa ju tiwa lọ! Àmọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín-ín tó wà níbẹ̀ náà ò lè fẹ̀. Bíróílà wá ń yára sanra, ẹran ara ń béèrè ọ́síjìn, ọkàn ń tú ẹ̀jẹ̀ sí i, ọ̀nà ò gbà á. Apá ọ̀tún ọkàn á máa fipá tì í títí á fi wú, fáàfù ẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pa dà sẹ́yìn, ò ní lè pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sé sínú ẹ̀dọ̀, omi á wá máa sun láti ara ẹ̀dọ̀ sínú ikùn.

Ẹnì kan pè mí, ó ti fún tiẹ̀ ní gbogbo áńtíbáyótíìkì tí wọ́n ń tà. Mo la ọ̀kan nínú àwọn tó kú, omi yẹ́lò tú jáde pẹ̀lú nǹkan dídì tó ń yọ̀ nínú ẹ̀, ọkàn ti wú lápá kan. Mo ní, "Ọ̀gá, wíńdò ńkọ́?" Ó ní, "Dókítà, òtútù ni, mo ti fi tapólíìnì dí gbogbo ẹ̀." Òórùn ìgbẹ́ ti ń ta mí lójú láti ẹnu ọ̀nà! Òótọ́ ni pé òtútù ń dá kún un torí ó ń jẹ́ kí wọ́n lo ọ́síjìn sí i, ṣùgbọ́n iná lẹ fi ń lé òtútù, ẹ kì í sé èémí mọ́ wọn nínú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí ní Bàbá Wíńdò, mi ò bínú.

Áńtíbáyótíìkì ò lè mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Ẹ ṣí òkè ilé sílẹ̀, ẹ dín oúnjẹ kù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má sáré sanra, ẹ wo iyọ̀ tó wà nínú omi wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fa omi sí ẹyẹ lára gba inú egungun, ẹ má gún egungun apá òkè. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ó já sí ẹ̀dọ̀fóró. Láti àwọn ọdún 1700 ni John Hunter, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, ti fi hàn pé ẹyẹ tí wọ́n dí lọ́fun lè máa gba egungun apá tí wọ́n gé mí.

Ẹni tó ń sin odídẹrẹ́ nílé, páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ yẹn, tó bá gbóná kọjá ààlà, èéfín ẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé kéèjì kúrò ní kíṣínì.