Bí Ó Bá Ku Ọwọ́ Òsì Nìkan

Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti gé ọwọ́ ọ̀tún mi nísàlẹ̀ ìgúnpá. Tíṣà ni mí ní Iléṣà, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú. Eegun apá mi dá, wọ́n sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ó fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í, ó dì í le koko. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ìka mi tutù, mi ò mọ̀ wọ́n lára mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ti dúdú bí èédú. Ká tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ẹni tó ṣì lè ṣe láǹfààní. Bí wọ́n bá di eegun ẹnikẹ́ni nílé yín, tí ìka rẹ̀ tutù, tó ń kú tipiri, tàbí tó ń pàwọ̀ dà, ẹ tú okùn náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni tí ọwọ́ tiẹ̀ ti lọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wàyí, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Kùkùté ni mo máa ń pe ibi tí wọ́n gé. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná, tí dókítà sì ní ó yá, báńdéèjì tó máa ń fà ni ẹ ó máa fi dì í, kó má baà wú, kó sì lè ní ìrísí tó dáa. Bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8 ni kí ẹ máa yí i, kó le díẹ̀ ní ṣóńṣó, kó máa dẹ̀ bó ti ń gòkè. Ẹ má dì í róbótó bí òrùka, torí ìyẹn ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ máa tú u kí ẹ sì tún un dì bí ìgbà mẹ́rin lójúmọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo lè ṣe é: ẹ jókòó, ẹ fi kùkùté tẹ orí báńdéèjì mọ́ itan, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ kejì yí i. Ẹ máa fi ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì wò ó yíká bóyá ó bó níbì kan.

Ẹ má ká apá náà mọ́ àyà nítorí ìrora. Bí ẹ kò bá ká ìgúnpá kí ẹ sì nà án, yóò gan, ìgúnpá yìí sì ni ẹ ó máa fi kọ́ báàgì, tí ẹ ó máa fi tẹ ìwé mọ́ tábìlì. Ẹ fi òwú pa kùkùté náà lára, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ lo aṣọ àǹkárá, lẹ́yìn rẹ̀ tọ́wẹ̀lì, títí tí kò fi ní máa ta yín mọ́ bí nǹkan bá kàn án. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí, tàbí ní Ifẹ̀, tí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ béèrè àwọn onífisiò, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń na ara kó má baà gan. Ẹ má dúró kí wọ́n tó pè yín.

Ohun tí ẹnì kankan kò sọ fún mi ni pé ọwọ́ tí wọ́n gé á ṣì máa dùn mí. Lóru ọjọ́ kẹta, ó ń ṣe mí bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́: èékánná ń wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, mi ò sì lè tú u. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màámi ní bóyá wọn ò sin ín dáadáa, kí wọ́n lọ hú u, kí wọ́n na ìka rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì bà mí ju ìrora náà lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ yìí kó yín láyà jẹ. Ọpọlọ kò tíì pa àyè ọwọ́ náà rẹ́, iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n gé sì ṣì ń ránṣẹ́ sí i. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Faransé, ti kọ nípa rẹ̀. Silas Weir Mitchell, dókítà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló pè é ní phantom limb ní 1871, bí ìgbà tí èèyàn bá ní iwin ọwọ́. Ẹ sọ fún dókítà yín. Oògùn ìrora lásán kì í sábà ká a, àwọn oògùn ti iṣan ìmọ̀lára wà tó yàtọ̀ sí i.

Jígí ló ràn mí lọ́wọ́ jù. V. S. Ramachandran, onímọ̀ ọpọlọ tí wọ́n bí ní Íńdíà, ló mú un wá ní àwọn ọdún 1990. Mo gbé jígí kan dúró lórí tábìlì láàárín àyà mi, mo fi kùkùté pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo wá fi ọwọ́ òsì síwájú. Bí mo bá wo inú jígí, ọwọ́ ọ̀tún ni mo rí. Màá di òsì ní ẹ̀ṣẹ́, màá tú u díẹ̀díẹ̀, màá sì pa á láṣẹ nínú ọkàn mi pé kí ọ̀tún náà tú. Ní ọjọ́ kejìlá, ẹ̀ṣẹ́ náà tú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ẹkún sì lè gbọ̀n yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Kí ẹnì kan jókòó tì yín.

Bó bá jẹ́ òsì ni wọ́n gé fún yín, ẹ fo ibi tó kàn yìí. Ẹni tó pàdánù ọ̀tún ni mo ń bá wí.

Ilẹ̀ wa kì í fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ṣeré. A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wọ bùbá alápá gígùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí kùkùté mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Atakúnmọ̀sà. Màmá tó ń tà á ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹrù ni. Mo na owó sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ yìí, òsì lo fẹ́ fi bá mi ṣí ọjà?" Ẹnu mi wọlẹ̀. Mo kàn fi eyín fa apá aṣọ mi sókè. Màmá náà dìde lórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba owó náà, ó ní, "Kí ló dé tó o fi í pamọ́ fún mi?"

Láti ọjọ́ náà, apá kúkúrú ni mò ń rán. Aṣọ tó bo kùkùté ló ń sọ yín di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀, torí á rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ kàn sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, ọwọ́ tó kù nìyí," lẹ́ẹ̀kan, láìṣàlàyé. Kí ẹ sì kúnlẹ̀ bí ẹ ti ń kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi orúnkún kanlẹ̀, torí ọwọ́ kan kì í gbé àyà dúró bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ. Ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣe ìdí nílé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni ẹ ó máa fi jẹun báyìí. Ọ̀tún ní í wẹ òsì, kí òsì wẹ ọ̀tún. Báwo wá ni ọ̀kan ṣe ń wẹ ara rẹ̀? Mo ní kí káfíńtà kan búrọ́ọ̀ṣì méjì mọ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi wa, irun rẹ̀ kọjú sókè. Màá da ọṣẹ olómi sí i, màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ó, màá yí ọwọ́ padà fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbo ó, màá wá fi èékánná ha ìkejì. Nílé ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ́tù oníke tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá ni mò ń lò: mo fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ìgúnpá, bí mo bá tẹ apá sílẹ̀ díẹ̀, omi á dà. Kànìnkànìn kan tún wà lára ògiri balùwẹ̀ tí mo fi ń fọ abíyá òsì. Bó ti mọ́ tó yìí náà, ṣíbí ni mo fi jẹ iyán fún oṣù márùn-ún kí ọkàn mi tó gbà á. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá ń kà á á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Iyán gígún kọ́ ló le, iṣu bíbẹ ni. Ẹ gba pákó kan tó nípọn, ẹ kan ìṣó méjì tí kì í dípẹtà láti ìsàlẹ̀ kí ṣóńṣó wọn yọ sókè, kí ẹ fi aṣọ tútù tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Ẹ gún iṣu mọ́ ìṣó náà, ó dúró gbọn-in, ẹ máa bẹ ẹ́. Àlùbọ́sà àti ẹran náà ń dúró níbẹ̀. Ẹ má gbé ìkòkò omi gbígbóná láé. Ẹ fi ṣíbí oníhò ṣa iṣu jáde. Ọmọ odó fífúyẹ́, iṣu díẹ̀díẹ̀, kí odó wà láàárín ẹsẹ̀, ó ti di iyán. Ti aṣọ kò pọ̀: okùn lára ìró, kọ́mú tó ń há níwájú, bàtà tí kò ní okùn, gèlè tí wọ́n ti dì sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ kíákíá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ yí orí ìwé sí apá ọ̀tún díẹ̀, ẹ di bírò mú jìnnà sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń kọ. Lójú pátákó, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ ìlà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa pa á rẹ́ bí ẹ ti ń lọ. Àmì ohùn ló yọ mí lẹ́nu jù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi òsì kọ síwájú àwọn ọmọ ni ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àmì tó lọ síbi tí mo fẹ́, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ dúró dè mí. Ọmọ kan wá béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ó máa hù padà?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n máa bá yín nu pátákó nígbà náà." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa fún ọmọdé.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó sílé. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Òfin tó dènà kí wọ́n ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ti wà láti oṣù kìíní 2019. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba gba aláàbọ̀ ara tó tó ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ kọ ìwé, kí ẹ sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Ẹ tètè lọ yí ìbuwọ́lùwé yín padà ní báǹkì kó tó di pé ẹ nílò owó kánjúkánjú.

Ọwọ́ àtọwọ́dá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí kùkùté fara balẹ̀ ná, torí èyí tí wọ́n bá wọ̀n lásìkò tó ṣì ń wú kò ní bá a mu mọ́ tó bá yá. Èyí tó ní okùn tó ń gba èjìká ṣiṣẹ́ dáa fún iṣẹ́ ilé. Èyí tó ń lo bátìrì ń gba àṣẹ lára iṣan apá, àmọ́ ó wọ́n. Ti ẹwà wà fún òde. John Amanam, oníṣẹ́ ọnà kan, ń ṣe é ní Uyo ní àwọ̀ dúdú tiwa. Èmi kì í wọ ọ̀kankan. Kùkùté mi mọ nǹkan tó bá kàn án, ike kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ béèrè kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màámi fi ń bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́, ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n lọ sí oko ni mo tó mọ̀ pé mo lè dá ẹyin bó.

Ọwọ́ tó kù náà ń rẹ̀. Èjìká òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí ní ọdún kejì, nítorí òun nìkan ló ń gbé, tó ń fọ̀, tó ń kọ. Ní báyìí, bí mo bá jẹun alẹ́ tán, màá ki òsì bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá gbé èjìká méjèèjì sókè sódò níwájú jígí kí wọ́n lè dọ́gba, lẹ́yìn náà màá fi òrí díẹ̀ pa kùkùté náà, kí n tó sùn.