Okùn ìlẹ̀kẹ̀ 93: bí mo ṣe ń tú irọ́ palẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi n'Ífẹ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà n'Ífẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó, ìlẹ̀kẹ̀ olóyè, bèbè ìdí, gbogbo rẹ̀ là ń sín. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí oníbàárà kan má gbé ìlẹ̀kẹ̀ sókè kó ní, "Òyìnbó mà gbìyànjú o. Ibo làwọn baba wa ti mọ gíláàsì ṣe? Àwọn Potogí ló kó o wá." Tẹ́lẹ̀, mo máa ń jiyàn títí ohùn mi á fi há. Oníbàárà á sanwó, á gba ọjà rẹ̀, ohun tó gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló máa gbé lọ sílé. Mo wá yí ọwọ́ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní tábìlì níbi tí èrò ń gbà kọjá lè ṣe bí mo ṣe ń ṣe é yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mú irọ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ibi tó ti wá. Nínú àwọn tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di ńlá nípa Ifẹ̀ ni Leo Frobenius, ará Jámánì tó wọ ìlú wa lọ́dún 1910. Ó rí orí onídẹ tó wà ní igbó Olókun, iṣẹ́ náà sì yà á lẹ́nu débi pé ó ní ìyókù Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ó tún rí ìfọ́ ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú. Ẹ̀rí iṣẹ́ wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ó sì gbé oríyìn fún ẹlòmíràn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń sọ ìtàn yìí. Tí oníbàárà bá ti rí i pé ẹnì kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé kì í ṣe òun ló ya òpè, ojú kì í tì í mọ́ láti jù ú nù.

Okùn ló kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ 93 ló máa ń wà lórí rẹ̀ tó bá pé, ẹyọ kan dúró fún ọdún mẹ́wàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1100. Búlúù ni ẹyọ 37 àkọ́kọ́, nítorí sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì búlúù tí wọ́n ń ṣe n'Ífẹ̀ láyé àtijọ́. Ní Igbó Olókun yẹn kan náà, awalẹ̀pìtàn ọmọ Yorùbá, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, walẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìfọ́ ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láti ọ̀rúndún 11 sí 15 ni iṣẹ́ náà. Wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù mu, kò bá ti àwọn Lárúbáwá mu, kò sì bá ti Éṣíà mu. Irú rẹ̀ ti dé Gao ní Mali láyé ọjọ́un. Ẹyọ 38 wá jẹ́ pupa: ọdún 1472 ni wọ́n ní àwọn Potogí kọ́kọ́ dé etí òkun wa. Frobenius ni funfun tó wà ní ẹyọ 82. Ẹyọ 84 jẹ́ yẹ́lò, nítorí ọdún 1938, nígbà tí àwọn tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí onídẹ nínú ilẹ̀. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn ni ọdún mẹ́wàá tí a wà nínú rẹ̀ yìí. N kì í sín in. Oníbàárà ni mo máa ń fún kó fọwọ́ ara rẹ̀ sín in.

Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá ra ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Potogí yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé okùn lé e lọ́wọ́. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á títí ẹ ó fi kan pupa." Wọ́n kà á, ó di 37. Wọ́n dákẹ́, wọ́n tún un kà.

"Ìyá Ìbejì, a ti ń ṣe é kí wọ́n tó dé nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Á jẹ́ pé àwa la kọ́ àwọn ará Íjíbítì!"

"Rárá o, bàbá mi. Íjíbítì ti ń ṣe gíláàsì ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ kí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tiwa."

Inú wọn ò dùn sí i, mo sì mọ̀. Ibí yìí ló nira jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ já ti ọmọ ọlọ́mọ gbà wá sílé. Tẹ́ ẹ bá fi irọ́ tó dùn mọ́ wa rọ́pò irọ́ tó dùn wá, ẹni tó bá já a máa kó òótọ́ yín dànù mọ́ ọn. Mo tún máa ń jẹ́wọ́ ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ oníbàárà: púpọ̀ nínú ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, láti Íńdíà àti Ṣáínà ló ti wá, iyùn sì jẹ́ ohun inú òkun òkèèrè. Mo máa ń to méjèèjì sórí tábìlì, kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra ìfọ́ ìkòkò tàbí orí àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó lọ hú u lóru. Ohun tí a bá hú bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ẹ̀rí rẹ̀, nítorí ibi tó sùn sí nínú ilẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwòrán ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, mo máa ń júwe múṣíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin fún un.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp ẹbí ni irọ́ náà ti yọjú, ẹ má sọ fún àgbà pé irọ́ ni ó ń pa níwájú ọmọ àti ìyàwó ilé. Ẹ kí i níkọ̀kọ̀, ẹ fi àwòrán okùn ránṣẹ́ sí i. Nínú ẹgbẹ́, òótọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú: "Ifẹ̀ ti ń ṣe gíláàsì kí Potogí tó dé." Ẹ má tún irọ́ náà kọ, torí ohun tí èèyàn kọ́kọ́ kà ló máa ń rántí.

Okùn mi àkọ́kọ́ já lọ́wọ́ ọmọ iléèwé kan, ìlẹ̀kẹ̀ yí lọ sínú gọ́tà. Okùn ọ̀rá tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì ta kókó lẹ́yìn ẹyọ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí àwọn ọmọdé lè máa fọwọ́ ka ọgọ́rùn-ún ọdún kọ̀ọ̀kan.