Ẹ Má Tan Ẹ́ńjìnì Yẹn: Àṣìṣe Táwọn Èèyàn Ń Ṣe Lẹ́yìn Ìjàǹbá Mọ́tò

Iṣẹ́ páńẹ́bítà ni mò ń ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná rárá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àkọ́kọ́ yín. Ohun tẹ́ẹ ṣe láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí mọ́tò gbá nǹkan ló ń gba owó lọ́wọ́ yín ju nǹkan tó gbá lọ. Ìyà ńlá ti gbé yín ṣánlẹ̀, ẹ tún ń pe kéékèèké kó wá gorí yín. Ó ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èkíní: ẹ má fi mọ́tò ṣáájú èèyàn. Mo ti rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń wo bọ́ńpà nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń kérora nínú mọ́tò. Ẹ wo ara yín, ẹ wo àwọn tẹ́ẹ jọ wà níbẹ̀, ẹ pe 122 ti Road Safety tàbí 112. Ẹni tó bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tí iná ò bá sọ, tí bẹntiróòlù ò sì jò, ẹ má fi ipá fà á jáde, ẹ dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé. Ẹni tó dákú, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH wà nílùú wa níbí, ti Bowen náà wà, kí wọ́n má sì fi ọ̀rọ̀ owó lé yín padà: òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí tọdún 2014 ní ọsibítù ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kó jìyà méjèèjì. Tó bá ṣe egungun ló jọ pé ó kán, ẹ ya X-ray ná kẹ́ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun tẹ́ẹ fọkàn tán. Ẹni tó bá sì ń sọ pé "kò sí nǹkan tó ṣe mí," ara tó ṣì gbóná ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa tó mọ ibi tó ń dùn ún.

Èkejì: ewé tẹ́ẹ ń já sójú títì láti fi kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀, òun nìkan ò tó. Tíréla tó ń sáré bọ̀ lójú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ kì í rí ewé, ẹ ra C-caution, onígun mẹ́ta tó ń tàn tí iná mọ́tò bá kàn án, sínú búùtù, ẹ gbé e sẹ́yìn dáadáa, kì í ṣe sí ìdí mọ́tò.

Ẹ̀kẹta: ẹ ya fọ́tò kẹ́ẹ tó sún mọ́tò kúrò, nọ́ḿbà mọ́tò kejì àti láísẹ́ńsì awakọ̀ ẹ̀ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló ń bí mi nínú jù. Iwájú mọ́tò ti wọlé, omi ń dà sílẹ̀, ẹnì kan á wọlé, á yí kọ́kọ́rọ́, á ní "ó ṣì ń stáàtì," ló bá wà á dé ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, pé ó stáàtì ò sọ pé kò bà jẹ́! Iwájú pátápátá ni rédíétọ̀ tó ń tu omi ẹ́ńjìnì lára wà, kọndẹ́ńsà AC ló sábà máa ń ṣáájú ẹ̀, torí ẹ̀ tí nǹkan bá gbá iwájú mọ́tò, àwọn méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Tí omi bá ti lọ, kò sí nǹkan tó máa gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì mọ́, hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ti ọ̀pọ̀ mọ́tò tẹ́ẹ ń wà yìí sì rèé, aluminíọ̀mù ni, ooru á tẹ̀ ẹ́, gáàsìkẹ́ẹ̀tì tó dí abẹ́ ẹ̀ á jó, omi á wọnú ọ́ìlì, tẹ́ẹ bá fi máa ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ ó rí i tó funfun bí ògì.

Wọ́n á tún sọ fún mi pé "ṣùgbọ́n mo ń wo géèjì ooru, kò gòkè." Kò lè gòkè dáadáa náà ni! Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ooru yẹn ti ń ṣiṣẹ́, tí omi bá ti tán, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń kà, ẹ́ńjìnì lè máa jóná kí géèjì ṣì wà nísàlẹ̀. Bọ̀dá kan kọlu màlúù nítòsí Odò Ọbà, Camry Muscle ló ń wà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ká, iná kan fọ́, rédíétọ̀ bẹ́, ó tán. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn jẹ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ó ra píọ̀ wọ́tà, ó ń wà á, ó ń dúró, ó ń rọ omi tútù sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ìyẹn gan-an ń la hẹ́ẹ̀dì, kó tó wọ Tákié nílùú wa níbí ó ti ń dún kò-kò-kò. Owó ẹ́ńjìnì tó rà ju gbogbo owó páńẹ́ẹ̀lì lọ, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi kò lè sọ̀rọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́ níbi màlúù, kí ló wá kan píọ̀ wọ́tà? Ẹ fi gíà sí néútírà, ẹ bẹ àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n bá yín tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ yọ orí bátìrì, ó parí. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, ojú ẹlòmíì ti bó síbẹ̀.

Okùn tẹ́ẹ fi ń fa mọ́tò náà ńkọ́. Ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry ìta wa, ọtọmátíìkì ni, táyà iwájú ló ń fà á, tẹ́ẹ bá wá so ó mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù tí táyà yẹn ń yí nílẹ̀ lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ ti ń pa gíà nìyẹn, torí ẹ́ńjìnì ló ń yí ohun tó ń fún gíà ní ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì ò sì ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé iwájú ẹ̀ sókè, tàbí kí wọ́n gbé odindi ẹ̀ sórí ọkọ̀. Bíréékì àti sítíárìn pàápàá á le koko tí ẹ́ńjìnì bá kú, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ lè gbá ẹni tó ń fà á.

Mọ́tò tẹ́ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú láìní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ má retí bátìrì níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń sọ pé "ká parí ẹ̀ síbí," ẹ má gba owó bọ́ńpà kí n tó tú u. Ike ni bọ́ńpà, ó lè padà sípò kí irin ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀, kí ẹsẹ̀ iná ti kán. Ìyá kan gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà lójú ọjà, wọ́n súre fún ara wọn, a tú u, owó yẹn ò ra iná kan. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, tẹ́ẹ bá ní inṣọ́ránsì, àwọn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Inṣọ́ránsì yẹn náà: third party ò ní tún mọ́tò tiyín ṣe, ti ẹni tẹ́ẹ gbá ló wà fún. Láti 2023 ni wọ́n ti gbé ti mọ́tò àdáni láti 5,000 sí 15,000 náírà, ó sì lè san títí dé mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíì. Ẹni tó bá tà á fún yín ní owó tó kéré sí 15,000 yẹn, ìwé lásán ló tà, ẹ yẹ ẹ́ wò lórí askniid.org. Tó bá jẹ́ comprehensive, èyí tó ń tún mọ́tò tiyín náà ṣe, ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kan mọ́tò náà kí àwọn inṣọ́ránsì tó wá wò ó.

Airbag tó ti bẹ́, ẹ má ní ká rán lẹ́dà bò ó, mi ò ní ṣe é, ẹ̀mí ni. Bẹ́líìtì ìjókòó tó há lọ́jọ́ yẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ sì má sáré lọ ra páátì ní Gate, Ìbàdàn, kẹ́ẹ tó gbé mọ́tò wá. Iná Camry Big Daddy 2003 àti ti 2005 ò bá ara wọn mu, orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń pè é, ẹni tó tà á ò sì ní gbà á padà tẹ́ẹ bá ti gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́.